Ọrùn Páìpù Tó Ń Sán

Ìka Chizuru ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kan nílé iṣẹ́ tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fọwọ́ tọ́ ọrùn páìpù èéfín wò níbi tó ti so mọ́ tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Èékánná rẹ̀ há síbi tó sán. Ojú ibẹ̀ náà ni, ibi tó sán lóṣù kẹta, tó tún sán lóṣù kẹjọ.

Sunaga, ẹni tó ni ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú sábẹ́ rẹ̀. "Ṣé ó ti tún ṣe é?"

"Ó ti tún ṣe é, bàbá."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò lọ sí erékùṣù Hokkaido yóò gbéra ní èbúté Oarai lálẹ́ ọjọ́ náà, bí Sunaga bá sì fẹ́ bá a, aago mẹ́rin kò gbọdọ̀ bá a ní Maebashi tí wọ́n wà yìí. Minori, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bímọ ní Obihiro, ní Hokkaido lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́ta gbáko ni baba àtọmọ ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Minori pè é lórí fóònù.

"Ẹ ò kúkú wọ bàálù?" Chizuru béèrè.

"Ó ní tí mo bá ń bọ̀, ọkọ̀ yìí ni kí n gbé wá. Inú rẹ̀ ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ lọ́dún mẹ́ta nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ni Orihara jókòó sí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ló ni ilé iṣẹ́ náà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Òun náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe páìpù yìí, irin fífúyẹ́ tí iná ti sọ di aláwọ̀ aró àti wúrà níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Àwọn èèyàn máa ń wá láti ìlú Takasaki wá ya fọ́tò rẹ̀. Ìgbà méjèèjì tó sán, òun ló jó o. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òtútù ti dé ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sì tan iná ìjórin mọ́.

"Jó o kó nípọn," ló wí. "Kó o tún fi irin pẹlẹbẹ lé e lórí."

Chizuru jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá Orihara ṣiṣẹ́, kò sì já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro rí. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Fìlà pupa ọmọ ìkókó kan wà lórí àga níbẹ̀, kò tó ìkúùkù, òwú ni wọ́n fi hun ún.

"Ọ̀gá, tá a bá jó o, á tún sán."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ohun tó gbé páìpù yìí ró nísàlẹ̀. Ọrùn tọ́bò nìkan ló rọ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n, ibẹ̀ ló ń jìyà. Páìpù tó bá ọkọ̀ wá ní irin tó gbé e ró. Tiwa ò ní."

"Tiwa? Ta ló ṣe é?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

Sunaga tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Orihara dìde, ó mú kóòtù rẹ̀, ó sì jáde sínú atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkè Akagi. Ilẹ̀kùn ṣe gbàù.

"O ti dáràn," Sunaga sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi tí mo ń sanwó fún un gan-an, mi ò jẹ́ bá a sọ bẹ́ẹ̀."

Chizuru tún wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú páìpù náà, ó fọ̀ ọ́, ó jó ojú ibi tó sán, ó wá fi ẹfun ya irin tó fẹ́ ṣe sórí ilẹ̀. Aago ti lé ní méjìlá nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Orihara wọlé, imú rẹ̀ pọ́n fún òtútù, ó sì mú irin kan dání, èyí tó fi ayùn gé lára ògbólógbòó ọkọ̀ kan lẹ́yìnkùlé. Ó wo àwòrán tó wà nílẹ̀ náà títí.

"Ara ọkọ̀ lo fẹ́ dè é mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, ara ọkọ̀ á dúró gbagidi. Á tún fà á ya. Àpótí jíà tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ni kó o dè é mọ́, kí wọ́n lè jọ máa gbọ̀n."

Chizuru lu orí ara rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn.

Orihara ń wọ̀n ọ́n, Chizuru ń gé e, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń jó o. Nígbà tó fẹ́ lu ihò tí bóòtù tí wọ́n fi ń de irin máa gbà, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Má lu ú róbótó. Irin máa ń gùn sí i tó bá gbóná. Jẹ́ kí ihò náà gùn, kó ráyè rìn." Téèpù ń mì lọ́wọ́ bàbá náà, Chizuru di orí rẹ̀ kejì mú.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n de bóòtù ìkẹyìn. Sunaga wa ọkọ̀ náà lọ sí etí odò Tone, ó wà á padà, Chizuru sì tún wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n ni páìpù náà ń gbọ̀n. Kò dá gbọ̀n mọ́.

"Ó yá, ẹ máa lọ."

Kí Sunaga tó wọlé sọ́kọ̀, Orihara dúró síwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ. "Àṣìṣe mi ló ń dà yín láàmú látọjọ́ yìí. Ọkọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Chizuru ló rí i."

Ìdààmú bá Sunaga, òun náà tẹ̀ ba. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ nàró. Chizuru ló wá fi aago hàn wọ́n.

Nígbà tí ìró ọkọ̀ náà rékọjá ìkóríta, Orihara na búrẹ́dì róbótó yíyan kan tí wọ́n fi igi gún sí Chizuru, ọbẹ̀ dídùn wà lára rẹ̀, ó ti mú un gbóná lórí sítóòfù. Wọ́n ń jẹ ẹ́ nídìí sítóòfù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nípa ti àárọ̀."

Orihara gé tirẹ̀ jẹ. "Nígbà tí mo jó o lẹ́ẹ̀kejì, mo mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Pé kò sí ohun tó gbé e ró. Ẹnu mi ló wúwo. Mo wá ń retí kẹ́nì kan bi mí." Ó nu ẹnu. "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ojú ti Chizuru. "Oṣù kẹjọ, ọ̀gá."

Orihara bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Chizuru náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń rántí ọ̀sán oṣù kẹjọ yẹn: òun dúró, òun ń na irin ìjórin sí ọ̀gá òun, àwọn méjèèjì dákẹ́. Ọ̀wọ̀ ló rò pé òun ń bù fún un.

"Kí ló tún kù tó o mọ̀, tó o ò tíì sọ fún mi?" Orihara béèrè.

Chizuru wo yíká ilé iṣẹ́ náà. Ó fa àga kan wá, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.