Ohun tí Dosi Sọ Lédè Ègùn

Zulaikha, àbúrò ọkọ Hùmúàní, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń fọ kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìnkùlé ní Ibereko.

"Ìyàwó wa, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Dosi yín yẹn, ó ń sọ̀rọ̀ yín káàkiri."

Hùmúàní gbé kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wo?"

"Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà yín lánàá. Ó ń bá Ìyá Ìfẹ́, oníbàárà yín ti Sẹ̀mẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ègùn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ yín, mo sì gbọ́ azọ̀n. Àìsàn ni azọ̀n. Ẹni tó bá gbé Àgbádárìgì tí kò gbọ́ ìyẹn, adití ni."

"Àìsàn kẹ̀? Kókó lásán ló yọ sí mi lọ́mú, Ìyá Kékeré. Yóò tú."

Zulaikha wo àyà rẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò. "Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹ́ kókó lásán."

Hùmúàní tún mú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Ta ló ń gbàdúrà kí kókó jẹ́ kókó, bí kò bá tíì gbọ́ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́?

Jẹjẹrẹ lorúkọ náà. Dókítà ti gé díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì sì dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó kù ni kí wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀ ní ọsibítù ńlá kan l'Ékòó, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti rìn dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun, àbí ojú kan náà ló wà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá fún un. Ẹni méjì péré ló mọ̀: Shamsudeen ọkọ rẹ̀, àti Dosi, tí òun àti Hùmúàní jọ ń ṣe àdín àgbọn láti ìgbà tí Hùmúàní ti ń pọn Mubarakah ọmọ rẹ̀. Dosi ló bá a gbé báàgì lọ́jọ́ èsì.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kò fura sí. Nọ́ọ̀sì tó ń pè é ní "màmá mi", kí ló rí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá àgbà kan láti Topo wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹran náà, Hùmúàní lòun náà ń jẹ́. Bóyá èsì ìyá náà ni wọ́n gbé fún un. Ó máa ń gbé èrò yẹn yẹ̀ wò bí ẹní ń wo owó ayédèrú. Ó mọ̀ pé kò lè ná, síbẹ̀ kò jù ú nù.

Nígbà tí Shamsudeen ti ibi tó ti ń ta táyà dé, Hùmúàní bá a nídìí àlùwàlá màgàríbà.

"Bàbá Mubarakah, ta ló sọ fún Zulaikha?"

"Sọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ó da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tún da omi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà. "Àbúrò mi ni. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ fún mi lọ́rùn pa."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

"Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Bí kì í bá ṣe pé inú ń bí i, ì bá rẹ́rìn-ín.

"Hùmúàní, jẹ́ ká sún Ọjọ́bọ̀ yìí síwájú ná," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Kí ojú àwọn èèyàn kúrò lára wa. Bí a bá fi oṣù kan sí i, kí ló máa ṣe?"

 Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Hùmúàní, adùn yẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, kí gbogbo Sẹ̀mẹ̀ ti máa ka ọjọ́ ikú rẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, ó lọ sí àtíbàbà. Dosi ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àgbọn rírin dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìyá Mubarakah! Wá wo wàrà òní, ó ki bí ògì!"

Hùmúàní kò jókòó. "Kí lo sọ fún Ìyá Ìfẹ́ nípa mi?"

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí o ní azọ̀n ń ṣe mí."

Dosi bú sẹ́rìn-ín. "Azọ́n! Azọ́n, iṣẹ́! Ta ló bá ọ gbọ́ Ègùn? Bó bá lọ sókè, iṣẹ́ ni. Bó bá wálẹ̀, àìsàn ni. Ẹ̀yin Yorùbá náà kọ́ nìyí? Bí mo bá ní mo wọ ọkọ̀ rẹ dé Aradagun, tí olófòófó kan gbọ́ ọ sí ọkọ rẹ, ṣé èmi lo máa nà ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Hùmúàní, ó gbé e mì. "Tún méjèèjì sọ."

"Azọ́n. Azọ̀n."

"Èwo lo wá sọ fún un?"

Ẹ̀rín Dosi tán. Ó fún èèrí àgbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí kò fi sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́.

"Méjèèjì."

"Dosi!"

"Ìyá Ìfẹ́ ní àdín wa ń rùn èéfín. Ó ní àwọn ará Kútọnu ti dá a padà fún òun. Ó bi mí pé ṣé ọwọ́ Hùmúàní ti bàjẹ́ ni, kí òun wá ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí a ti ti ọsibítù dé, o ti jó àdín lẹ́ẹ̀mejì. O máa ń dúró ti ìkòkò, ọkàn rẹ kì í sí níbẹ̀. Kí ni kí n wí? Kí n ní azọ́n rẹ ti bàjẹ́? Mo ní azọ̀n ló dé, azọ́n rẹ wà níbẹ̀."

"O ò lè purọ́? O ò lè ní igi tútù ni?"

"Fún Ìyá Ìfẹ́, tí wọ́n bí sídìí àgbọn?"

"O lè bi mí kó o tó sọ."

 Dosi yọ ọwọ́ kúrò nínú wàrà. "Òótọ́ ni. Ó yẹ kí n bi ọ́."

Hùmúàní ṣí kẹ́ẹ̀gì kan nínú èyí tí wọ́n dá padà, ó gbóòórùn rẹ̀. Èéfín. Òun, tó máa ń fi etí lásán mọ̀ pé àdín ti jinná! Ìbínú rẹ̀ kò lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí yóò bínú sí mọ́. Ó mú fóònù, ó pe Sẹ̀mẹ̀.

"Ìyá Ìfẹ́, Hùmúàní ni. Àdín tó jó, èmi ni mo jó o. Àìsàn tí Dosi sọ, jẹjẹrẹ ni, lọ́mú. Mo ń lọ yàwòrán l'Ékòó lọ́la. Bẹ́ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ bi wá, èmi ni kí ẹ bi."

  Ìyá Ìfẹ́ ní, "Ọlọ́run á fún ọ lálàáfíà. Ta ló máa wá dín àdín ti Sátidé?"

Hùmúàní kò mọ̀ bóyá àánú ni àbí ọjà. Ó wo Dosi. "A máa dín in," ni ó wí, ó sì pa fóònù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Shamsudeen gbé ọkọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, kò pa á. Hùmúàní wọlé lọ. Dosi ti gbé ọ̀rá tó léfòó lórí wàrà sínú ìkòkò, iná ti ń jó lábẹ́ rẹ̀. Hùmúàní yọ orógùn rẹ̀ kúrò lára òpó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn án rí. Dosi a máa rin àgbọn, a máa fún un. Hùmúàní ló ń dín in.

"Gbà."

Dosi nu ọwọ́ kó tó gbà á.

"Bí ariwo inú ìkòkò bá ti ń dákẹ́, fa igi ìdáná jáde. Má dúró de àwọ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀."

"O rò pé o mọ̀ ni. Bó o bá sì tún fẹ́ sọ̀rọ̀ mi fún ẹnikẹ́ni, bi mí."

"Màá bi ọ́. Máa lọ jàre, kí ọkọ rẹ má lọ gbé obìnrin mìíràn lọ yàwòrán."

Ó jáde. Shamsudeen na ọrùn láti inú ọkọ̀. "A ṣì lè sún un o."

Hùmúàní ti dé agbedeméjì àtíbàbà àti ọkọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rá inú ìkòkò ń hó ṣàà, ṣàà. Ó gbọ́ tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ṣé Dosi ti fa igi jáde, àbí ó ń dúró de àwọ̀? Ọrùn lásán ni yóò yí, yóò sì mọ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wọlé, ó kọjú sí ọ̀nà Èkó.

"Ẹ wà á," ni ó wí.