Ajá Olóògbé àti Oògùn Koríko

Láti ìgbà tí ọkọ Màmá Fẹ̀yìntọlá ti kú, kò sẹ́ni tó tún rí ti koríko rò nínú ọgbà wọn ní Ọ̀bà-Ilé. Koríko ti ga dé orúnkún. Tanímọ̀la, ajá tí olóògbé fi sílẹ̀, nìkan ló ń rìn nínú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Àánú opó náà ṣe Dúrótoyè, aládùúgbò wọn. Lọ́jọ́ tí màmá lọ sí Ọjà Ọba, ó da oògùn koríko, èyí tó ń pa koríko, sínú ike ìfọ́n, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fọ́n ọn sí gbogbo ọgbà náà. Ó rò pé inú wọn yóò dùn. Ọkàn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ajá.

Nígbà tí màmá ti ọjà dé, igbe wọn ló gbé Dúrótoyè jáde nílé. Tanímọ̀la ti yí gbirigbiri nínú koríko tútù, ó ti lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó ń bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ta ló fún ajá mi ní májèlé jẹ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Oògùn koríko ni mo fọ́n. Mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́ ni."

Màmá wò ó. Wọ́n sáré lọ gbé epo pupa. Dúrótoyè ti ń pe Wúrà, dókítà ẹranko kan ní Àkúrẹ́, ó sì ròyìn ohun gbogbo fún un, títí kan epo tí màmá fẹ́ rọ sí ajá lẹ́nu.

"Ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu o!" ni Wúrà pariwo lórí fóònù. "Ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e wá kíákíá. Ẹ mú ike tí wọ́n fi ta oògùn náà dání."

Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n wọ ọkọ̀ Dúrótoyè, màmá sì gbé ajá lé itan. "Bàbá ti lọ. Ìwọ náà má lọ." Dúrótoyè gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ kún fún omi.

Wúrà ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà, ó fa omi sí ajá lára. Ó pẹ́ kí Tanímọ̀la tó gbórí sókè, tó ju ìrù.

"Bí ẹ bá fọ́n oògùn," ni Wúrà wí, "ẹ ti ajá mọ́lé. Kó má dé ibẹ̀ títí tí oògùn náà yóò fi gbẹ dáadáa."

Dúrótoyè dọ̀bálẹ̀ fún màmá.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, ìwọ nìkan lo rántí pé koríko ń hù nílé mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kọ́kọ́ bi mí."

Bí wọ́n ti ń padà lọ, ajá sùn lórí itan màmá. Dúrótoyè rọra ń yẹ kòtò ojú ọ̀nà, kó má baà jí i.