Ohun Tó Bo Etí Mi Méjèèjì

Nọ́ọ̀sì náà tan iná sínú etí mi òsì. Ó wò ó, ó pa iná náà.

"Bàbá, kí lẹ ń kì bọ ibí?"

"Íápíìsì."

"Ẹ má kì í bọ̀ ọ́ mọ́. Ó ti dá egbò síbẹ̀. Tó bá ń ṣọyún báyìí lọ, ẹ ò ní í gbọ́ nǹkan kan mọ́ lápá ibẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe kẹ́ ẹ má gbọ́ nǹkan nínú fóònù, ẹ ra hẹ́dífóònù, èyí tó ń bo etí láti òde."

Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sí etí. Mo dúpẹ́, mo jáde. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù kí n ṣe wòlímọ̀ kéwú mi.

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Àwọn tí a jọ fẹ́ ṣe é, àgbà inú wọn kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Nígbà tó yẹ kí n ṣe tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi sì mú mi wá sí Agége. Nígbà tó yá, mo wọ ilé iṣẹ́ abọ́ oníke kan ní Ìkẹjà. Mo lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ. Mi ò padà sí ilé kéwú. Ìlà iwájú ni mo ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè. Gbogbo wọn gbà pé mo ti ṣe wòlímọ̀ tipẹ́. Èmi náà ò sọ pé mi ò ṣe é.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún Àfáà Muhydeen. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Súrà Múlíkì ni n óò kà, gbogbo ẹsẹ rẹ̀, ọgbọ̀n áyà, láìwo ìwé. Ojú mi ò gbé lẹ́tà kéwú mọ́, nítorí náà ó kà á sínú fóònù mi. Mo máa ń gbọ́ áyà kan, n óò dá a dúró, n óò kà á, n óò tún un gbọ́. Bí mo bá jẹ́ kí ohùn náà jáde láti inú fóònù, gbogbo ilé yóò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo íápíìsì. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kì í bọ etí. Ibẹ̀ ni egbò ti wá.

Owó tí mo lè ná ò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Mo mú un, mo lọ sí Kọ̀mpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Job fà mí wọ ìsọ̀ rẹ̀.

"Daddy, ẹ wo èyí. Kò ní wáyà rárá. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta péré."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

"Ẹ̀ẹ́! Daddy, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná."

"Èyí tó ní wáyà dà?"

"Wáyà ti di ti àtijọ́, Daddy."

"Èmi náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kó mẹ́ta jáde. Ó fẹ́ fi orin sí i fún mi, mo ní rárá. Mo dé àkọ́kọ́ sórí, mo ní kó gbá tábìlì.

"Kí n gbá tábìlì?"

"Gbá a dáadáa."

Bí a ṣe ń yan ìbotí tó ń dí ariwo ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ nìyẹn. Wàá dé e, ẹnì kan yóò fi irin lu irin lẹ́yìn rẹ. Job gbá tábìlì, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ti ìkejì náà. Ìkẹta dúdú, fóòmù rẹ̀ nípọn. Mo rí ọwọ́ Job tó ń lọ sókè sódò, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣí i, ó ń ké sí àwọn ará ìsọ̀ kejì.

"Ẹ wá wo Daddy tó ń ra hẹ́dífóònù tí wọn ò ní fi gbọ́ nǹkan!"

Mo fi wáyà rẹ̀ bọ fóònù mi. Ohùn Àfáà jáde. Kò dà bí ẹni pé ó wà nínú orí mi mọ́. Ó dà bí ẹni pé ó jókòó síwájú mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí láàárín áyà kan sí èkejì. Mi ò gbọ́ ìyẹn rí.

Job pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Awọ rẹ̀ ti ń bó lápá kan, mo fi hàn án. Ó tà á fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àtààbọ̀. Nílé, Fàúsát ìyàwó mi gé lára jalamíà mi tó ti gbó, ó rán an bo ibi tó bó. Ó ṣe rẹ́gí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun Àsárì tán, n óò ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, n óò dé e. Etí mi gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò dùn mí mọ́. Ara mi balẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ omi. Uswat, aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé mi, wà níbẹ̀.

"Bàbá Kazeem, ẹ tún fo áyà kẹtàdínlógún lánàá o."

Mo gbé korobá sílẹ̀. "Áyà wo?"

"Ti Múlíkì. Òun àti ìkẹrìndínlógún ló jọra níbẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ka ọ̀kan, ẹ ó rò pé ẹ ti ka méjèèjì."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń ka Múlíkì?"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ ò mọ̀ pé à ń gbọ́? Bàbá, ẹ ń pariwo! Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti há a sórí. Wọ́n ń fi rán aṣọ."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ní ilé iṣẹ́, bí ìbotí bá wà létí rẹ, o ní láti pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó gbọ́. Bí fóòmù ṣe bo etí mi, ẹnu mi padà sídìí ẹ̀rọ. Èmi rò pé mò ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni.

Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ká wáyà náà. Mo fẹ́ lọ sọ fún Àfáà kó yọ orúkọ mi. Kí n tó dìde, Dàwódù wọlé. Ìdí ẹ̀rọ kan náà ni a jọ wà níbi iṣẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ, pé wòlímọ̀ lò ń múra sí? Ọdún mélòó lo ti fi ń kírun níwájú mi?"

"Mọ́kànlélógún."

"O ò sì tíì ṣe wòlímọ̀! Àgbàyà!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

"Mo fẹ́ lọ yọ orúkọ mi," mo ní.

Ẹ̀rín rẹ̀ dúró. "Nítorí kí ni?"

"Gbogbo ilé ti mọ̀."

"Tí wọ́n bá ti mọ̀, kí ló tún kù tí o fẹ́ fi pamọ́?"

Ó lọ ṣí fèrèsé fúnra rẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́. Àmì tí a fi ń ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró nìyẹn.

"Uswat! Tó bá ti fo áyà, báyìí ni kó o ṣe! Kò ní gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n yóò rí ọ!"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síbi fèrèsé, hẹ́dífóònù wà lórí mi. Bí mo bá fò, Uswat yóò di ẹ̀ṣẹ́ sókè, n óò padà. Ní ọjọ́ kẹfà, kò gbé ọwọ́ sókè mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tí wòlímọ̀ bọ́ sí pé. A jẹ́ méjìlá lórí ìjókòó, gbogbo wa nínú aṣọ funfun. Èyí tó ga jù nínú àwọn mọ́kànlá yòókù, èjìká mi ni orí rẹ̀ mọ. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Àwọn kan láti mọ́ṣáláṣí wa ń wo ara wọn. Mo bẹ̀rẹ̀. Mi ò sáré. Mo ka ọgbọ̀n áyà, mo jókòó. Mo fi apá aṣọ nu ojú mi.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ̀ sún mọ́ mi. "Bàbá, ṣé ẹ̀rù bà yín?"

"Ó bà mí."

"Èmi náà."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní ká wá ya fọ́tò. Ayafọ́tò to àwọn ọmọ náà, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Àwọn tó ṣe wòlímọ̀ nìkan ni."

"Èmi náà ṣe é," mo ní, mo sì dúró síbi tí mo wà.