Àmì Ara Ìbọn Darsono

Giman, ẹni tó máa ń tún ìbọn ṣe, ti fi epo nu ìpáàrà kúrò lára ìbọn àtijọ́ kan tí àwọn ará Japan ṣe kí àmì ara rẹ̀ tó hàn. Ó kà á, ó sì yọjú wo ẹnu ìbọn.

"Kí lo rí?" Sartinah bi í. Ìyá arúgbó náà ló ní kó bá òun tún un ṣe fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Magelang. Nígbà ogun òmìnira, tí wọ́n ń fi ìbọn táwọn ará Japan fi sílẹ̀ jà, ìbọn náà bú gbàmù mọ́ Darsono ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó sì pa á. Wọ́n ní àìbìkítà ló fà á, pé ó jẹ́ kí ẹrẹ̀ dí ẹnu ìbọn.

"Màmá, ìbọn tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Ariwo lásán ló wà fún. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kò gbọdọ̀ yin ọta gidi, torí irin rẹ̀ kò lè gbà á, ńṣe ló máa bú."

"Ta ló lè kà á nígbà náà?"

"Ẹni tó bá mọ ìwé àwọn ará Japan."

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Darsono wà, Harjo ọ̀gá wọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òun ló pín ìbọn, òun náà ló sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ogun, Sartinah fẹ́ ẹ, ó bímọ márùn-ún fún un, ó sì sunkún gidigidi nígbà tó kú.

Giman ní ṣé kí òun dáwọ́ dúró.

"Tún un ṣe kó dán," ni Sartinah wí. "Kọ ohun tí àmì yẹn wí sára pátákó tí wọ́n máa gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Kọ orúkọ ẹni tó gbé e fún Darsono náà. Ọkọ mi ni."