Ọgbọ̀n Ìlà Lára Ògiri

Bàbá mi ló kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí àpòòwé tí mo gbé wá láti Kùmásí. Ó fi lé mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Edith, nígbà tí ebi Ìbàdàn bá lù ọ́ bolẹ̀, kọ̀wé sí mi kí n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Oṣù kan ni mo fún ọ." Ẹ̀rín tó rín yẹn ló dùn mí jù. Mo búra fún ara mi pé abẹ́ ẹní ni àpòòwé yẹn máa gbó sí.

Ọmọ Yorùbá ni wá, ṣùgbọ́n Gánà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan nítòsí Màpó, n kò mọ ẹnì kankan. Mo gba yàrá kan ní agboolé kan ní Ọ̀rányàn, mo san owó ilé oṣù mẹ́ta, mo ra ẹní kan àti ìkòkò kan, ó ku owó gààrí. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, wá sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé wọ́n ti kọ orúkọ àwọn tí yóò gba owó oṣù náà kí n tó dé. "Ó di ìparí Fẹ́búárì nìyẹn, Míìsì." Ó rò pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀gbọ́n nílùú.

Gààrí ni mò ń mu láàárọ̀, gààrí ni mò ń mu lálẹ́. Ọjọ́ tí gààrí náà tán, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀.

Opó arúgbó kan tí ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba ló ni ilé tí mo gbé. Ìyá Kúlúsúmù ni wọ́n ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó rí mi tí mo ti ilé-ìwé dé, tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí n kò dáná.

"Tíṣà, o ò ní jẹun ni?"

Èmi tí n kò lè sọ pé ebi ń pa mí bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, mo dáhùn wéré, "Mò ń gbààwẹ̀ ni, Màmá."

Ó wò mí. "Ìwọ Edith? Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi?"

"Mo fẹ́ bá ilé gbà á ni."

"Ọlọ́run á gbà á," ló wí, ó sì wọlé.

Nírọ̀lẹ́, bí ládàánì ti pe ìrun, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́fà wá fún mi. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó mú ẹfun, ó fa ìlà kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Irọ́ ni mo pa, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe olè. Bí mo bá máa jẹ oúnjẹ aláàwẹ̀, mo máa gbààwẹ̀, ó parí! Láti ọjọ́ kejì, n kò fẹnu kan omi lọ́sàn-án mọ́. Ọ̀fun gbígbẹ ni mo fi ń kọ́ ọmọ márùndínláàádọ́ta ní ìṣirò nínú ooru, nígbà tí wọ́n bá sì ń jẹ ẹ̀wà wọn lákòókò ìsinmi, màá kọjú sí pátákó bí ẹni tí ń ka nǹkan.

Ìlà ń pọ̀ sí i lára ògiri. Ní ọjọ́ kẹrìnlá ni mo tó rò pé ó yé mi: obìnrin yìí ń ka oúnjẹ tí mo jẹ! Kí owó mi tó jáde, á ti di gbèsè sí mi lọ́rùn. Inú bí mi, mi ò lè sọ bó ṣe bí mi tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo fa àpòòwé bàbá mi yọ, mo kọ "Bàbá mi ọ̀wọ́n" sórí ìwé.

Ìyá Kúlúsúmù kanlẹ̀kùn. Ó tún kàn án.

"Tíṣà, jáde wá jẹun."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti yó."

"Níbo lo ti yó?" Mo gbọ́ tó fara ti ilẹ̀kùn. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má ṣe èyí fún mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, bó jẹ́ díẹ̀ náà lo máa jẹ."

N kò gbọ́ kí arúgbó bẹ ọmọdé báyẹn rí. Ojú tì mí, mo ṣílẹ̀kùn, mo jẹun. Ṣùgbọ́n bó ti ń fa ìlà rẹ̀, mo ṣèpinnu lọ́kàn mi pé gbogbo ìlà yìí ni n óò san, kọ́bọ̀ kan kò ní ṣẹ́ kù. Mo wọlé, mo ya lẹ́tà náà.

Oṣù kò lé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ààwẹ̀ di ọgbọ̀n gbáko. Ọjọ́ tó pé ọgbọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n san owó wa, wọ́n tètè san án nítorí ọdún. Mo fọwọ́ di àpò mú, mo gba Ọjà'ba kọjá, òórùn àkàrà ń pè mí lọ́tùn-ún lósì, n kò wo ẹnì kankan. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Kúlúsúmù ni mo lọ tààrà. Mo kúnlẹ̀, mo na owó sí i.

"Màmá, ẹ gba owó oúnjẹ yín. Ìlà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, mo ti kà á."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná fẹ́ jó. "Gbé e kúrò níwájú mi! Ṣé o fẹ́ ba ààwẹ̀ mi jẹ́ ni?"

"Ààwẹ̀ wo, Màmá?"

Ó mí kanlẹ̀. "Edith, mi ò gbààwẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá mi jà, dókítà sì ti ní mi ò gbọdọ̀ dán an wò mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá gbà á mọ́, tálákà ló máa bọ́, oúnjẹ ọjọ́ kan fún ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Mò ń wá ẹni tí n óò bọ́, mo bá rí ìwọ tí ààrò rẹ ti tutù fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo bi Álífáà Yésúfù bóyá ọmọ Kìrìsítẹ́nì ṣeé bọ́. Ó ní ebi tó ń pa á ni kí n wò. Ọjọ́ mi ni mò ń fi ìlà yẹn kà. Nígbà tó o tìlẹ̀kùn mọ́rí, ṣe ni àyà mi já. Ìwọ ni ààwẹ̀ mi, ọmọ mi."

Tálákà. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Láti oṣù kan tí mo ti ń gbé orí sókè láàárín agboolé, ẹni tí mo rò pé mo tàn jẹ ti rí ìdí ìkòkò mi láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ó yíjú sí ògiri. "Ó ku ẹyọ kan," ló wí jẹ́jẹ́. "O sì ti gbowó báyìí. O kì í ṣe tálákà mọ́. Ta ni n óò rí bọ́ kí oòrùn tó wọ̀?"

A ti ń gbọ́ tí ládàánì ń wúkọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Mo dìde, mo wọ yàrá mi, mo fa àpòòwé bàbá mi yọ lábẹ́ ẹní. Mo kó gbogbo owó náà sínú rẹ̀, mo fi itọ́ lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, mo jáde, mo gbé e lé ìyá náà lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di àárọ̀ ọ̀la. Bí mo bá tilẹ̀ bèèrè rẹ̀ lónìí, ẹ má fún mi."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Màmá," ni mo wí, "ebi ń pa mí." Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé Ìbàdàn.