Ọwọ́ Wolé-wolé Tó Mọ́ Jù

Àlá kan ni mo lá lóru àná, ojú sì ń tì mí láti rọ́ ọ fún yín lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n ojú yín ni mo ti hùwà náà lọ́jọ́ Ẹtì, ojú yín náà ló yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí mọ Mọlará ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, oṣù keje rèé, ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Adétọ̀rọ̀, gbé báàfù ẹrẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó máa fi ṣeré. Wọ́n ní ẹrẹ̀ máa ń tu ọmọ lára, pé ohun tó bá há sí ọmọ lọ́fun, ọwọ́ rẹ̀ lè bá a gbé e jáde. Èmi wolé-wolé dé, mo rí ọmọ mi nínú ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fà á dìde, mo gbá a lọ́wọ́ níwájú gbogbo yín. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Lójú àlá, ọ́fíìsì wa ń léfòó lórí ẹrẹ̀ bí igbá. Mo bọ́ bàtà, mo wọ́ ẹrẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, torí mi ò fẹ́ pẹ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, ní kí n fi ọwọ́ mi hàn.

"Ọwọ́ rẹ mọ́ jù," ni wọ́n wí.

Mo wò ó. Ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi ti parẹ́ pátá.

Ọṣẹ tó wà lórí tábìlì dá sí i. "Èmi ni mo jẹ ẹ́, sà. Bàbá yìí ló ní kí n máa jẹ nìṣó, mi ò sì lè kọ̀ fún àgbà."

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọ̀gá wúkọ́, wọ́n hu irùngbọ̀n, wọ́n di òbúkọ. Akọ̀wé wọn di ewúrẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, torí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

"Ka ẹ̀sùn rẹ̀ fún un," ni òbúkọ wí.

"Mo ti jẹ ìwé náà, sà."

"Sọ èyí tó o rántí."

Ewúrẹ́ jẹ àpọ̀jẹ díẹ̀. "Ó gbá ọmọ kan lọ́wọ́. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ ẹ́."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Bí mo ṣe ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ ọ́fíìsì rọ̀, ó di ògì. Àrìnpé ìyàwó mi wà láàárín rẹ̀, ó ń sẹ́ ògì bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀.

"Bàbá Mọlará," ó pè mí jẹ́jẹ́, "ṣé o mọ̀ pé èmi àti ọmọ la jọ máa ń sẹ́ ẹ? Òun ló máa ń fọwọ́ rò ó. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ̀rọ̀."

"Mi ò mọ̀."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Ilé onílé lò ń wò kiri."

Mo ki ọwọ́ bọ ògì láti bá a rò ó. Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Mo bi í pé, "Ṣé ó tutù ni?"

"Bi ọmọ rẹ," ló wí.

Mo jí. Mo ti sùn lé ọwọ́ mi, ó ti kú lábẹ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá tèmi ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo da omi sí iyẹ̀pẹ̀, mo jókòó tì í. Mọlará yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí mi, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará, ojú tó tì mí nígbà náà ju ti ọ́fíìsì òbúkọ lọ.

Mo ní, "Wá bá mi rò ó, mi ò mọ̀ ọ́n rò."

Ó pẹ́ kó tó dé. Ó fi ìka kan kàn án, ó wò mí lójú. Ìgbà tí mi ò bá a wí, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi yọ sí wa lára. Ó bu ẹrẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe èmi ló pè. Màmá rẹ̀ ló pè.

Ìdí nìyí tí aṣọ ìjọba fi yí ẹrẹ̀ báyìí lára mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pe Ìyáàfin Adétọ̀rọ̀ wá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jáde.