Aṣọ Ẹni Tó Kọ̀

Láti ìgbà tí owó sẹ́fà ti já wálẹ̀, àtúnṣe aṣọ nìkan ni Sèfíyátù ń rí ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Grand Marché, ọjà ńlá Bouaké. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Qoreebah, tó ń kọ́ni ní Faransé, ní kó wá rán aṣọ eré orí ìtàgé tí òun kọ, inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Kò lè ka Faransé, ló bá ní kí ó sọ ìtàn náà fóun. Qoreebah ní ọmọkùnrin Baoulé kan, ọmọ onílẹ̀, ló fẹ́ràn ọmọbìnrin Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, àmọ́ òbí kan fàáké kọ́rí nítorí ẹ̀yà.

"Ó ti yé mi," ni Sèfíyátù dáhùn. Ta ni ì bá tún kọ̀, bí kò ṣe bàbá ọmọkùnrin?

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ivoirité, pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ni ìlú, gba gbogbo ẹnu nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà ní Bouaké, ibẹ̀ ló bí Qoreebah sí, síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ọlọ́pàá kan dá a dúró lójú gbogbo ọjà, ó ní kó mú ìwé àlejò jáde. Irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ kó gbà kí Qoreebah fẹ́ Konan, ọmọ Baoulé láti ìlú Diabo. "Àwọn tó ń pè wá ní àlejò," ló máa ń wí, "ṣé àwọn náà ni màá tún fọmọ fún?" Qoreebah ní òun ò ní ṣègbéyàwó tí ìyá òun ò bá sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ rèé tí ọ̀rọ̀ ti dúró síbẹ̀.

Ló bá fi ìbínú ránṣọ. Ó mú aṣọ ńlá irú èyí tí àwọn àgbà Baoulé ń dà sí èjìká, ó jẹ́ kó gùn débi tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò máa kọsẹ̀. Ó ki àjákù aṣọ sínú àpò, ó fi ṣe ikùn rọ̀bọ̀tọ̀. Ó ń rán an, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Ká má parọ́, iṣẹ́ náà dára.

Qoreebah àti Konan jọ wá wò ó. Konan gbé e wọ̀, kò rẹ́rìn-ín.

"Ti ta nìyí, Màámi?" ni Qoreebah bèèrè.

"Ti bàbá ọkọ tó kọ̀ ni."

"Bàbá ọkọ ò kọ̀. Ìyá ìyàwó ló kọ̀."

Konan fi èdè Dioula, èdè ọjà, sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Màmá, bàbá mi ti gbà tipẹ́. Ó ní ọjọ́ tí ẹ bá ti ránṣẹ́ sí òun lòun ń bọ̀."

Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ojú ti Sèfíyátù. Ọkùnrin tí kò rí rí, tí kò ṣẹ̀ ẹ́, òun ló jókòó ṣe ikùn rọ̀bọ̀tọ̀ fún. Kí ló wá fi yàtọ̀ sí ọlọ́pàá ọjà?

Ó pẹ́ kó tó fa téèpù rẹ̀ yọ.

"Ìyá ìyàwó yẹn, aṣọ mélòó ló máa wọ̀?"

"Ọ̀kan, fún ìgbà tó ń kọ̀," ni Qoreebah wí. "Bó bá wá síbi ìgbéyàwó, ó di méjì."

"Ṣé ó wá?"

"Mi ò tíì kọ ibẹ̀, Màámi."

Sèfíyátù wo àwọn méjèèjì.

"Kọ ọ́ pé ó wá," ló wí. "Ó pẹ́ kó tó dé, àmọ́ ó wá."